Odò Tí Músíyè Pédírò Kùn sí Mẹ́kà

Múnírà, ọmọ ọmọ mi, ti Gànvíé, ìlú orí omi, dé lánàá. Ó jókòó tì mí, ó ń fi fótò ìrìn àjò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Omi inú fótò náà rí bí aró, ó sì ń dán. Èmi mọ omi Gànvíé. Ó dà bí tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo ní, "Múnírà, ta ló da aró sí i?" Ó ní, "Bàbá, mo tún un ṣe ni." Ó ní bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Mo tún wò ó, mo rí i pé òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi náà. Mo bi í léèrè ẹni tó wa ọkọ̀. Ó ní òun ti pa á rẹ́, torí aṣọ rẹ̀ kò bá omi mu. Mo ní ó dáa, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ọmọ náà wo fóònù, ó wo ojú mi. Kò rántí mọ́. Lánàá náà ló ti ibẹ̀ dé o.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé mo fẹ́ bá a wí. Ohun tí ẹ̀ ń fi ìka kan ṣe yìí, àwa fi abẹ fẹ́lẹ́ àti pẹ́ńsùlù ṣe é ní Àjàṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ìyá yín. Ẹ sún mọ́ mi. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣe ìyá mi fún yín, àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ ti lọ.

Músíyè Pédírò, ọmọ Àgùdà, ló ni ilé fótò tó wà ní àdúgbò Djègan-Kpèvi nígbà náà, láàárín ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan àti ti aránṣọ kan. Bí o bá ń kọjá lọ́sàn-án, wàá gbọ́ ayùn, wàá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, bí àwọn méjèèjì bá sì sinmi, wàá gbọ́ abẹ Músíyè Pédírò tó ń ha fíìmù bí eku inú àpótí. Pẹ́ńsùlù ló fi ń pa ohun tí oníbàárà kò fẹ́ rí rẹ́. Abẹ ló fi ń ha ohun tí Ọlọ́run gbàgbé jáde. Mo mọ ọkùnrin apárí kan tí irun rẹ̀ kún dé iwájú orí nínú fótò, tó jẹ́ pé nígbà tó kú, àwọn àlejò tó wá láti Èkó ní òkú tí wọ́n fẹ́ sin kì í ṣe tirẹ̀.

Aago ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi ń ya fótò. Kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá kó fótò Djègan-Kpèvi ìgbà yẹn jọ, ẹ ó rí i pé aago kan náà ni gbogbo wa fi lo ìgbà èwe wa. Bí Iléyá bá sì ń bọ̀, àgbò funfun kan a wà ní ìdè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò rí àgbò rà a di ìwo rẹ̀ mú, Músíyè Pédírò a yà á. Àgbò náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti rí kámẹ́rà, a gbé orí sókè. Nígbà tí Músíyè Pédírò pa á jẹ níkẹyìn, ìdajì àdúgbò bínú, wọ́n ní ó pa àgbò àwọn.

Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá tó ta mọ́ ògiri ẹ̀yìn ló sọ ilé fótò náà di olókìkí. Músíyè Pédírò fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún. Káábà wà láàárín. Igi dábínù wà lọ́tùn-ún. Ọkọ̀ òfuurufú ń fò lókè. Lẹ́sẹ̀ Káábà níbẹ̀, odò kan ń ṣàn. Músíyè Pédírò kò dé Mẹ́kà rí. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ ló ń rí lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, kò sì lè gbà pé ibi mímọ́ kan wà láyé tí kò ní omi níwájú. Ó tilẹ̀ kun lékèélékèé kan sí etí odò náà.

Nígbà yẹn, ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé kò tíì dé, àfi bó bá lọ sí Djègan-Kpèvi. Kò sí ẹni tó ń gbé kámẹ́rà kiri lọ́hùn-ún, nítorí náà iwájú aṣọ Músíyè Pédírò ni gbogbo Àlhájì wa ti dé Mẹ́kà lójú aráyé. Wọ́n á fi férémù sí fótò náà, ìyàwó ilé á gbé e sínú àtẹ, á fi aṣọ funfun bò ó, á rù ú láti ilé dé ilé, dé Avrankou, dé Akpro-Missérété, níbikíbi tí wọ́n bá ti ní ẹbí. Ẹ̀yin ń fi tiyín ránṣẹ́. Orí la fi ń ru tiwa, ọrùn a sì máa dun ni.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni kò jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní Àjàṣẹ́ wa, àwọn tó rìn jìnnà pàápàá kò rí i, bí kò bá ti sí lára aṣọ Músíyè Pédírò. Àlhájì kan ládùúgbò wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ torí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń kí mi, dé láti Mẹ́kà, ó sọ fún wa bí òun ṣe wẹ ẹsẹ̀ nínú odò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Káábà, bí omi náà ṣe tutù. Ẹni tó dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ṣé òun á wá sọ pé òun kò rí odò, kí wọ́n lè ní Kútọnu ló dé tó ti yí padà? Òun náà wẹ̀ níbẹ̀. Bí odò náà ṣe ń kún lọ́dọọdún nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ṣọ́jà gba ìjọba, wọ́n ní ìyípadà dé. Kò sí Músíyè mọ́, kámáráàdì ni gbogbo wa. Akọ̀wé tó fi táì há ara rẹ̀ lọ́rùn lánàá wá ń na ìkúùkù sókè nínú fótò, aago tí kò ṣiṣẹ́ yẹn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Èmi wà ní yunifásítì nígbà náà, nítorí náà kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ìgbìmọ̀ àdúgbò, ọ̀dọ́kùnrin kan tó fẹ́ràn láti máa kó ọwọ́ sẹ́yìn, wá yẹ ilé fótò wò.

Ó ní, "Kámáráàdì Pédírò, ta ló wà nínú ọkọ̀ òfuurufú yìí?"

"Àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ni, kámáráàdì."

"Àwọn amúnisìn ló ń gun nǹkan yìí. Àwọn àgbẹ̀ wa dà?"

"Wọ́n wà lódìkejì odò, kámáráàdì. Ojú ò tó wọn ni."

Ó ní kó pa ọkọ̀ òfuurufú náà rẹ́, kó fi katakata sí etí odò. Músíyè Pédírò kùn ún bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà wá dúró níwájú rẹ̀, ó na ìkúùkù, wọ́n yà á, ó fi fótò ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́ ní oko ìjọba. Káábà yọ díẹ̀ lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó sọ fún wọn pé àká àgbàdo ni.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ọdún kejì ìyípadà náà ni ìyá ìyá mi, Ràbíátù, sọ pé òun fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ó ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa ń wú. Ìyá mi, Sàfúrá, tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, ní kò ní lọ.

"Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sinmi lọ́nà kí ẹ tó dé ìdí kànga."

"Ìdí kànga kọ́ ni mò ń lọ."

"Ẹ ó kú síbẹ̀."

"Àwọn tó jókòó sílé kì í kú, àbí?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe pin láàárín wọn nìyẹn. Agbo ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ìkòkò kan náà ni wọ́n ń bù jẹ, ṣùgbọ́n wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń rán wa níṣẹ́ sí ara wọn. "Sọ fún ìyá rẹ pé iyọ̀ kò tó." "Sọ fún ìyá rẹ àgbà pé iyọ̀ kì í dára fún ẹsẹ̀ tó ń wú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá àgbà àti àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà gbéra, àwọn obìnrin ń kọrin nínú agbo ilé, ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Kútọnu ti ń gbọ̀n lójú títì. Ìyá mi kò jáde. Ó jókòó lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri. Mo rí Ìyá àgbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó pè é, "Sàfúrá." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rò pé ìró rẹ̀ ló ń tún ṣe, lẹ́yìn náà ó yíjú, ó lọ wọ ọkọ̀. Bùràímọ̀, àbúrò ìyá mi, ló bá a lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni sálúbàtà ìyá mi sọnù. Sálúbàtà pupa ni, bàbá mi ló rà á fún un. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń bọ́ ọ sí. Ìyá Sẹ́nà, obìnrin Ègùn tó yá yàrá lọ́dọ̀ wa, tó ń yan ẹja, ló fura sí. Ọ̀rọ̀ di ariwo.

Ìyá Sẹ́nà ní, "Èmi, kí n jí sálúbàtà? Wo ẹsẹ̀ mi. Ṣé ẹsẹ̀ yìí lè wọ bàtà rẹ?"

Ìyá mi ní, "Olè kì í wọn ẹsẹ̀ kó tó jí bàtà."

Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó kúrò nílé wa. Òórùn ẹja yíyan tí a máa ń ṣàròyé lé lórí bá a lọ, agbo ilé sì wá dákẹ́ jù.

Lẹ́yìn Iléyá, Bùràímọ̀ nìkan ló sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyá àgbà kú sí Mẹ́kà, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ pé ikú ire ni, pé ọ̀pọ̀ ló ń tọrọ irú rẹ̀. Kò sí ohun tó burú tó kí ènìyàn wí nǹkan pẹ̀lú ìbínú, kó sì ṣẹ. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi fẹ́ mọ̀: ṣé ìyá rẹ̀ ṣì ń bínú sí òun nígbà tó kú? Ó fa Bùràímọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló sọ? Ṣé ó dárúkọ mi?"

"Ó dárúkọ yín, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àlejò yìí dínkù, màá sọ fún yín."

Àlejò kò dínkù. Àwọn àgbà ilé sì ní Ràbíátù ti di Àlhájà, Àlhájà kan kò sì lè wà lára ògiri láìsí Káábà lẹ́yìn rẹ̀. Fótò kan ṣoṣo ló yà láyé rẹ̀, lọ́jọ́ ìkómọ mi, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Fótò náà kò kọjá ìbàdí. Wọ́n gbé e lọ fún Músíyè Pédírò. Katakata ti wà lára aṣọ rẹ̀ nígbà yẹn, nítorí náà ó wá fíìmù àtijọ́ tó ti fi ya aṣọ náà rí jáde, ó fi pẹ́ńsùlù kun ọkọ̀ òfuurufú bò kí ìgbìmọ̀ má baà bá a jà. Ojú ibẹ̀ wá di funfun nínú fótò, bí ìgbà tí ènìyàn da ògì sí ojú sánmà. Ó gé Ìyá àgbà láti ọjọ́ ìkómọ mi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí odò. Ìyókù ara rẹ̀, ó fọwọ́ yà á: ìró funfun, ẹsẹ̀ tí kò wú rárá, àti bàtà funfun onígìgìsẹ̀ gíga, irú èyí tí àwọn obìnrin òyìnbó ń wọ̀ nínú ìwé tó ti ń wo àṣà aṣọ.

Bùràímọ̀ ní láti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bá a lọ. Músíyè Pédírò ní kó dúró, kó na apá, kó ṣe bí ẹni di èjìká ènìyàn mú. Bùràímọ̀ gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra. Músíyè Pédírò ní, "Rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín."

Bí fótò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kiri lórí àtẹ, ìtàn náà ń bá a kiri. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, Bùràímọ̀ sọ ohun tó rí. Ó ní ooru ni, eruku ni, èèyàn ń ti ara wọn. Àwọn tó ń gbọ́ kò wo ojú rẹ̀, fótò ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan ní, "Odò ńkọ́?" Ó ní kò sí odò. Àlhájì tó ti wẹ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ wà níjókòó.

"Ọmọ yìí," ó ní, "bóyá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú ọ gbà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ mọ bí ẹ̀rín ṣe máa ń rí nílé ọ̀fọ̀, ara gbogbo èèyàn ti ń wá a. Bùràímọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àwọn ará Avrankou dé, odò ti wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Akpro-Missérété fi máa dé, ibi funfun tó wà lójú sánmà ti di ìmọ́lẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lé Ìyá àgbà lórí nígbà tó ń kú. Àwọn obìnrin sunkún, wọ́n gbá a mọ́ra. Kò sí ẹni tó gbá a mọ́ra nígbà tó ń sọ ti eruku.

Ìgbà tí àlejò wá dínkù lóòótọ́, ìyá mi tún bi í.

"Ó wọ funfun, ẹ̀gbọ́n. Ó dúró sétí odò. Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ohun tó sọ ni mo bi ọ́."

"Ìmọ́lẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀."

"Bùràímọ̀, ẹ̀rín ìkómọ ọmọ mi nìyẹn. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn kámẹ́rà tí mo pa á lẹ́rìn-ín. Kí ni ìyá mi sọ?"

Ó fi ọwọ́ pa iwájú orí. Mo rò pé irọ́ ló ń pa. Mo ti kàwé, mo mọ òpùrọ́. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kò parọ́. Ó ń wọlé lọ wá ìyá rẹ̀ nínú ara rẹ̀ ni, fótò yẹn nìkan ló sì ń bá níbẹ̀.

Ọdún ń yí. Wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà, a di Bẹ̀nẹ̀. Àwọn tó ń na ìkúùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wá fíìmù tí wọn kò ti na nǹkan kan. Ìyípadà náà kásẹ̀ nílẹ̀ láìsí ẹni tó ya fótò rẹ̀. Músíyè Pédírò kú. Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi aṣọ Mẹ́kà bo pákó kí òjò má baà pa á. Ní gbogbo Iléyá, ìyá mi a gbé ẹran fún Bùràímọ̀, a jókòó tì í, a bi í. Bùràímọ̀ a sọ ti ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń gbé ẹran fún un láìbi í ní nǹkan kan. Ìyá mi wí fún mi nígbà tó ń ṣàìsàn pé, "Bó bá jẹ́ ohun rere ni, Bùràímọ̀ kò ní gbàgbé rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wọ ilẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ ohun tí a ó ṣe bí ẹni tó nílò òtítọ́ náà bá ti kú kó tó dé.

Ojú Bùràímọ̀ fọ́ lọ́jọ́ ogbó. Ọdún kan lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, kò rí nǹkan kan mọ́, ì báà ṣe ọ̀sán, ì báà ṣe òru. Mo máa ń lọ jókòó tì í ní ọ̀sán, torí àwọn ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́. Fótò náà wà lókè orí rẹ̀ lára ògiri, kò lè wò ó mọ́. Lọ́jọ́ kan a ń jẹ ẹ̀pà. Ó dédé ní:

"Kò sí odò."

Mo ní, "Bàbá?"

"Kò sí igi. Èèyàn ni. Wọ́n pọ̀ bí eṣú. Wọ́n tẹ bàtà mọ́ Ìyá lẹ́sẹ̀, ọ̀kan bọ́ sọnù. Mo ní kí n padà wá a, ó ní kí n má dán an wò, wọ́n á tẹ̀ mí pa. Ó bọ́ èkejì, ó gbé e mọ́ àyà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn. Lálẹ́, mo fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, awọ ń bọ́ sí mi lọ́wọ́."

"Bàtà wo ni, Bàbá?"

"Sálúbàtà kan báyìí. Pupa."

Mo gbé ẹ̀pà ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ti ìyá rẹ ni," ó ní. "Ìyá mú un lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, 'Ó kọ̀, kò jáde sí mi, mo sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dání.' Ó ní kí n sọ fún un. 'Bí o bá délé, sọ fún Sàfúrá pé ó sìn mí débí.' Ó ń tún un wí títí ó fi dákẹ́."

"Èyí tó kù ńkọ́?"

"Mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Nígbà tí a fi ti ibi ìsìnkú dé, wọ́n ti gbá ilẹ̀ ibẹ̀."

Ó wá ẹ̀pà nínú àwo, ó bó o, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ ojú tó ti fọ́ sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ṣé mo ti sọ fún Sàfúrá?"

Mo wò ó. Àgbàlagbà ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ ti sọ fún un, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. Mo dìde, mo lọ wo fótò náà lára ògiri. Ìyá àgbà dúró sétí odò, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìyá mi tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Bàtà onígìgìsẹ̀ gíga wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó funfun, eruku kankan kò sí lára rẹ̀.